Wọ́n Ní Wọ́n Ó Gbé Iná Wá: Ẹ Bi Wọ́n Pé Omi Dà?

 

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, àwọn kan wá sí ìlú wa láti inú ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, wọ́n lu ìlù, wọ́n pín ìrẹsì. Ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn nínú wọn gun orí àga, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà odò, ó ní: “Ibẹ̀ yẹn ni a ó kọ́ ilé-iṣẹ́ iná sí. Mẹ́gáwáàtì 500! Ẹ ò ní lo jẹnẹrétọ̀ mọ́ láyé yín.” Àwọn ènìyàn hó yèè. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí ta ni kò fẹ́ iná? Ìyàwó mi ń ta ẹja dídì. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, èrè oṣù kan ti jẹrà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Odò tó na ọwọ́ sí yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé á fi ẹsẹ̀ là á kọjá, omi kò ní kọjá ìbàdí rẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé: irú ilé-iṣẹ́ iná wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ sí etí odò tí ọmọdé ń là kọjá?

Wọn kò dúró gba ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ inú oko kòkó àwọn ènìyàn. Ìdí tí mo fi mú kálàmù nìyẹn. Ilẹ̀ ti ń lọ, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ omi.

Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tiwa gan-an ní kí n má kọ ọ́. Ó ní, “Olùdìbò kò fẹ́ ìṣirò, ìlérí ló fẹ́. Ìwọ náà ṣe ìlérí tìẹ.” Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ìyá tó ń fi kọ́ńgò wọn gààrí, tó mọ iye tí àpò kan yóò mú wálé lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀, ṣé òun ni wọ́n ń sọ pé kò mọ ìṣirò?

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìwé ẹ̀rí girama ni mo ní. Ṣùgbọ́n tíṣà físíìsì wa kọ́ wa ní ohun kan tí n kò gbàgbé títí dòní: iye ooru tó ń mú lítà omi kan gbóná sí i ní dígírì kan. Júùlù 4,200 ni. Pẹ̀lú nọ́mbà kan ṣoṣo yìí àti pẹ́ńsùlù, ẹ lè dá olóṣèlú dúró lórí àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ilé-iṣẹ́ iná tó ń lo èéfín omi, ìkòkò ńlá kan ni. Wọ́n á dáná gáàsì tàbí epo tàbí èédú sí i, omi inú rẹ̀ á hó, á di èéfín tó lágbára gidigidi. Èéfín yìí á máa ti kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan tó ní abẹ́ bíi ti fáànù, kẹ̀kẹ́ náà á máa yí, ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn á sì máa fi iná sórí wáyà. Títí dé ibẹ̀ yẹn, ó yé gbogbo wa. Ohun tí olóṣèlú kì í sọ ni èyí: kí ni wọ́n ń fi èéfín náà ṣe lẹ́yìn tó bá ti kẹ̀kẹ́ tán?

Ẹ bi àwọn tó ń pọn ògógóró ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Wọ́n á se ẹmu tó ti kan nínú dúróòmù, èéfín rẹ̀ á gba inú páìpù, páìpù náà á sì gba inú omi tútù kọjá. Inú omi tútù yẹn ni èéfín ti ń padà di ọtí tó ń kán tó, tó, tó. Bí omi náà bá gbóná ńkọ́? Ọtí á kọ̀, kò ní kán mọ́, èéfín lásán lá máa jáde. Oníṣẹ́ á pariwo mọ́ ọmọ pé kó sáré pọn omi tútù wá. Ilé-iṣẹ́ iná kò yàtọ̀ sí i. Èéfín tó ti ti kẹ̀kẹ́ tán gbọ́dọ̀ kan páìpù tí omi tútù ń gbà kọjá, kó padà di omi, kí wọ́n tó lè dá a padà sínú ìkòkò. Bí omi ìtutù yẹn bá ṣe tutù tó ni èéfín ṣe ń rí àyè kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí kẹ̀kẹ́ sì ń yí dáadáa. Bí omi bá gbóná, iná á dínkù. Bí omi kò bá sí, ẹ̀rọ á dúró. Awakọ̀ danfo pàápàá mọ̀ pé bí rédíétọ̀ bá gbẹ, kò sí àdúrà tó lè mú ọkọ̀ yẹn gun òkè.

Báwo wá ni ooru náà ṣe pọ̀ tó? Nínú ooru 100 tí wọ́n bá dá sí ìkòkò, bíi 36 ló ń di iná ní ilé-iṣẹ́ èéfín tó dára. Bíi 10 ń bá ihò èéfín lọ sójú ọ̀run. 54 tó ṣẹ́kù, inú omi ìtutù ló ń lọ. Ẹ tún un kà. Ooru tí wọ́n ń dà sínú omi ju èyí tó ń di iná lọ. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ rẹ̀ ni. Kì í ṣe olè ló jí i, kì í ṣe NẸ́PÀ ló fi ṣòfò (mo mọ̀ pé kò sí NẸ́PÀ mọ́ láti 2005, ṣùgbọ́n ta ló ti yí ahọ́n rẹ̀ padà?). Bí Ọlọ́run ṣe dá ooru ni. Kò sí ẹnjiníà ní Jámánì tàbí ní Japan tó lè sọ 54 yẹn di òdo.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Fún mẹ́gáwáàtì 1 iná tó bọ́ sórí wáyà, mẹ́gáwáàtì 1 àti ààbọ̀ ooru ń wọ inú omi. Ìyẹn jẹ́ júùlù 1,500,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní a gbà kí omi náà fi dígírì 10 gbóná sí i kí wọ́n tó dá a padà sódò. Lítà kan á gbé 4,200 lọ́nà 10, ìyẹn 42,000. Ẹ fi 42,000 pín 1,500,000. Ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36. Lítà 36 omi ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fún mẹ́gáwáàtì kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan àti bí ìdajì òmíràn nìyẹn, kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Bí ẹnì kan bá ní nítorí ẹja, omi náà kò gbọdọ̀ fi ju dígírì 5 gbóná lọ, ẹ sọ 36 yẹn di 72. Bí ẹ bá fẹ́ kí ooru kéré, omi gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí omi bá kéré, ooru á pọ̀. Kò sí ẹ̀kẹta.

Mẹ́gáwáàtì 1,000 á wá gba lítà 36,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ rántí àwọn táńkà epo ńlá tó ń gba títì Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ pé lítà 33,000 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ dúró létí títì, táńkà kan ń kọjá yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, gbogbo wọn kún fún omi, kò sì sí ọ̀kan tó dúró. Àwọn táńkà yẹn kò tíì ní tó o.

Ìdí nìyí tí àwọn tó kọ́ ilé-iṣẹ́ Egbin ní agbègbè Ìkòròdú, ní àárín àwọn ọdún 1980, kò fi kọ́ ọ sí inú igbó. Ẹ̀rọ 6 ló wà níbẹ̀, 220 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 1,320, etí ọ̀sà Èkó ni wọ́n sì gbé e sí. Ẹ sọ 1,320 di ìlọ́po 36: ó lé ní lítà 47,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń yí papọ̀. Ìṣirò tèmi ni o, kì í ṣe ìwé tiwọn. Ọ̀sà ló lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láì ké. Láyé òyìnbó amúnisìn pàápàá, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ti Ìjọrà, etí omi ni. Sápẹ́lẹ̀ náà, etí odò ni. Ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò ńlá kaná ti kọ́kọ́ wo inú àmù.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí odò ẹ̀yìn ìlú wa. Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìpolongo wọn, èmi àti àbúrò mi kan tó wà ní kíláàsì kẹrin girama mú okùn, igi gígùn kan àti ọsàn mẹ́ta, a lọ sódò. Ẹ̀yin náà lè ṣe é, kò le. A na okùn láti etí kan dé èkejì: mítà 8. A fi igi wọn bó ṣe jìn tó ní ibi márùn-ún, a pa á pọ̀, a pín in: ìdajì mítà. Lẹ́yìn náà a wọn mítà 10 sísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, a ju ọsàn kan sómi, a wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló fi rìn ín. A ju èkejì: 41. A ju ẹ̀kẹta, kí ni kan fà á wọ abẹ́ koríko, a ò rí i mọ́ dòní.

Fífẹ̀ rẹ̀ 8, lọ́nà ìdajì, ó di 4. Ọsàn rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ìyẹn ìdámẹ́rin mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdámẹ́rin lọ́nà 4, ó di 1. Kúbíìkì mítà 1, tó jẹ́ lítà 1,000, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú omi máa ń sáré ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà a yọ ìdámárùn-ún kúrò. Ó ku lítà 800. Oṣù kejì ọdún ni a wọ̀n ọ́n o. Bí òjò bá pẹ́ kó tó dé, oṣù kẹta lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ èéfín mẹ́gáwáàtì 500 ń bèèrè lítà 18,000. Odò wa ní 800. Odò méjìlélógún bíi tiwa kò tíì lè tó o.

Ká ní wọ́n wá fi agídí darí gbogbo odò náà sínú páìpù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe ìṣirò yẹn, oorun sì dá lójú mi. Ooru tó fẹ́ wọ inú omi jẹ́ mẹ́gáwáàtì 750. Bí ẹ bá pín in fún lítà 800, ó fẹ́ mú omi náà gbóná sí i ní dígírì tó ju 220 lọ. Omi odò kì í dé ibẹ̀. Ní 100 ló ti ń hó. Odò tí ẹ̀ ń pọn mu yóò máa hó kutukutu bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, apá kan rẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. N kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ á ti kú kí omi tó gbóná tó ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á gba ilẹ̀, wọ́n á gé kòkó, wọ́n á ṣí i pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò nígbà òjò, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á pa á, jẹnẹrétọ̀ á sì tún máa ké ní gbogbo ojúlé.

Ẹni tó gbọ́n nínú wọn lè dáhùn pé, “Ilé gogoro ìtutù ni a ó lò, a ò ní fa gbogbo odò.” Ó dára, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ilé gogoro yìí, omi kan náà ni wọ́n ń lò léraléra. Wọ́n á da omi gbígbóná sílẹ̀ láti òkè, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ lọ sójú ọ̀run, èyí tó kù á tutù, wọ́n á tún un lò. Bí àmù amọ̀ ṣe ń mú omi tutù ní ìyẹ̀wù ìyá àgbà náà ni: omi díẹ̀ tó ń yọ lára amọ̀ ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Lítà omi kan tó gbẹ ń gbé júùlù bíi 2,400,000 lọ. Ẹ fi pín 1,500,000 tiwa: mẹ́gáwáàtì kan ń gbẹ omi tó jẹ́ 0.625 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́gáwáàtì 500 á gbẹ bíi lítà 312.

Ó jọ pé ó kéré, àbí? Ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ kan. Lítà mílíọ̀nù 27 ni. Bí ẹnì kan bá ń lo kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́, omi ènìyàn 540,000 nìyẹn, tó gòkè lọ láì padà sódò. Ó tún ku díẹ̀. Ẹ ti rí bí ìsàlẹ̀ kẹ́tù omi gbígbóná ṣe ń di funfun. Ohun tó wà nínú omi kì í gbẹ pẹ̀lú omi. Wọ́n ní láti máa da omi tó ti nípọn yẹn nù, kí wọ́n sì fa tuntun dípò rẹ̀, ká sọ pé bíi lítà 100 sí i. Àpapọ̀ ti lé ní 400 nínú 800. Ìdajì odò nìyẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, kí àwọn abúlé tó wà ní ìsàlẹ̀ odò máa jà lórí ìdajì tó kù.

N kò ní tìtorí ìbò parọ́ fún yín. Ẹ̀rọ kan wà tí kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gáàsì ni, irú èyí tó wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpele kìn-ín-ní Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún mẹ́gáwáàtì 335. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Gáàsì tó ń jó fúnra rẹ̀ ló ń yí kẹ̀kẹ́, ooru tó ṣẹ́kù á sì bá ihò èéfín jáde ní dígírì tó tó 500. Odò yè, ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ń rà lówó gọbọi, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ń mú ojú ọ̀run gbóná lásán. Ẹni tó gbọ́n á fi ooru yẹn se omi, kí èéfín rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ kejì. Irú ètò yìí ni wọ́n ṣe sí ìpele kejì Ọlọ́runṣògo. Iná á pọ̀ sí i láìfi gáàsì kún gáàsì. Àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ kejì bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní tó ìdajì ti ilé-iṣẹ́ èéfín pátápátá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní Lephalale ní South Africa, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ilé-iṣẹ́ Matimba ní ẹ̀rọ 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju mẹ́gáwáàtì 600 lọ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu èéfín wọn, pẹ̀lú fáànù ràbàtà-rabata, bíi rédíétọ̀ ọkọ̀. Ó wọ́n láti kọ́, àwọn fáànù náà sì ń jẹ nínú iná tó ń ṣe, pàápàá ní ọ̀sán gangan. Ní aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, Palo Verde ń lo omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn jáde láti ìgboro, tí wọ́n ti sẹ́ mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣèlérí ilé-iṣẹ́ iná níbi tí omi kò pọ̀ ló jẹ́ onírọ́. Kó ṣáà sọ irú èyí tó fẹ́ kọ́, kó sì sọ iye owó rẹ̀ síwájú àwa tí a ó san án.

Ẹ̀yin apẹja, tiyín ló kàn. Ẹja ń mí nínú omi bí a ti ń mí lókè ilẹ̀. Lítà omi tútù tó wà ní dígírì 20 lè mú mílígíráàmù 9 atẹ́gùn tí ẹja ń mí dání. Ní dígírì 30, kò ju bíi 7 àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ bí omi bá ṣe ń gbóná ni ẹja ń mí sí i, kì í dín in kù. Ẹnu páìpù tó ń fa omi yóò sì máa fa ẹyin àti ọmọ ẹja wọlé, bí wọn kò bá fi asẹ́ tó dára sí i. Ẹ̀yin tí koríko orí omi tó wọ àwọn ọ̀sà wa ní 1984 ti dí ọ̀nà ọkọ̀ yín mọ́ mọ̀ ohun tí yóò ṣe sí irú asẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé òfin wà? Ó wà. Ní 1991, FEPA, tó ń bójú tó àyíká fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gbé ìlànà jáde pé omi tí ilé-iṣẹ́ bá dà nù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ dígírì 40 láàárín mítà 15 sí ẹnu páìpù. Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí 40 yẹn. Odò àti ọ̀sà tiwa ti sábà máa ń wà ní bíi 28 sí 30 tẹ́lẹ̀. Ẹ fi 10 kún 29, ó di 39. Ìlànà á ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí apẹja ń wo àwọ̀n òfìfo. Ìlànà tí Báǹkì Àgbáyé kọ ní 1998 gbà á lọ́nà mìíràn: odò tó ń gba omi náà kò gbọdọ̀ fi ju dígírì 3 gbóná lọ ní etí ibi tí omi méjèèjì ti dàpọ̀. Ìyẹn ló bójú mu lójú tèmi. Àmọ́ ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: kí ooru mẹ́gáwáàtì 500 tó lè pín sínú odò kó má ju 3 lọ, odò náà gbọ́dọ̀ ní bíi lítà 60,000 ní ìṣẹ́jú àáyá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo 800 tiwa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa aláìní nìkan o. Ní Faransé, nígbà ooru ńlá ọdún 2003, odò gbóná débi pé ìjọba ní láti fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná kan láyè kí wọ́n da omi tó gbóná ju òfin lọ sódò, nítorí bí wọ́n bá pa gbogbo wọn, iná kò ní tó. Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Browns Ferry tó ń mu odò Tennessee pa ẹ̀rọ kan ní oṣù kẹjọ 2007, ó sì tún dín ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù ní 2010, nítorí odò náà ti ń dé bíi dígírì 32 tí òfin wọn fi ṣe ààlà. Odò Tennessee kì í sì í ṣe odò tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ là kọjá.

Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú èyí ní ìdìbò yìí ni pé ọwọ́ ti kan àwọn ìpínlẹ̀. Láti 2023, wọ́n ti tún òfin ṣe, ìjọba ìpínlẹ̀ lè dá iná tirẹ̀, kí ó sì fi í sórí wáyà tirẹ̀, láì dúró de Àbújá. Ó dára púpọ̀, ohun tí ẹgbẹ́ wa náà ti ń bèèrè fún ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń na ọwọ́ sódò. Nọ́mbà mẹ́gáwáàtì kò wọ́n lẹ́nu wọn: 200 lónìí, 500 lọ́la.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ìrẹsì wọn tán, ẹ gbà á, owó yín ni. Kí ẹnì kan wá dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó ní: “Ọ̀gá, irú ẹ̀rọ wo ni, ti gáàsì ni tàbí ti èéfín?” Bó bá ní ti èéfín, ẹ bi í pé lítà mélòó ní ìṣẹ́jú àáyá, kó má sọ fún yín pé “omi pọ̀”. Ẹ bi í pé ta ló wọn odò náà, oṣù wo ló wọ̀n ọ́n, torí ẹni tó bá wọn odò ní oṣù kẹsàn-án ọdún, tí òjò ti kún un, ó ti parọ́ kó tó la ẹnu. Ẹ bi í pé dígírì mélòó ni omi yóò fi gbóná nígbà tó bá padà, àti pé ìlú wo ló wà ní ìsàlẹ̀ odò. Bó bá dáhùn gbogbo rẹ̀ tó yé yín, èmi fúnra mi á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ yòówù kó wà.

Àwọn tiwa ńkọ́? Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi wọ́n. Mo ti bi ẹni tí a fà kalẹ̀ ní àdúgbò wa. Ó ní òun kò mọ̀, òun á lọ wádìí. Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ mi ju mẹ́gáwáàtì 500 lọ, mo sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ oko yín, ẹ má wú u fúnra yín, ẹjọ́ ni yóò dà. Ẹ kọ iye igi kòkó tó wà láàárín òkúta sí òkúta, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ ọjà. Kí ẹ sì mú ìwọ̀n odò yín dání bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n. Okùn àti ọsàn tó bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ tiwa sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: lítà 800, oṣù kejì ọdún. Àyè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ fún abúlé mọ́kànlá.